Wíwá Ojú Ibi tí Omi Ń Gbà Wọ Ọkọ̀ Ìgbòkun

Àwọn àgbà ní, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi rí. Omi òkun yí ọkọ̀ ká tọ̀sán tòru. Ó ń tì í lápá ọ̀tún, ó ń tì í lápá òsì, ó sì ń tì í láti ìsàlẹ̀ wá. Níwọ̀n ìgbà tí ara ọkọ̀ bá dí pinpin, omi yìí kan náà ni ó ń gbé e lékè, tí ó sì ń jẹ́ kí ó lè rìn. Ṣùgbọ́n bí ara ọkọ̀ bá lanu, ọ̀rẹ́ di ọ̀tá. Omi tí ó ń gbé ọkọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí wọ inú rẹ̀, kò sì ní dẹ́kun títí a ó fi dí ẹnu náà tàbí títí ọkọ̀ yóò fi rì.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ojú kékeré wo ihò kékeré. Bí ihò tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju íǹṣì kan lọ bá wà lára ọkọ̀, ní ibi tí ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí abẹ́ omi, omi tí yóò gba ibẹ̀ wọlé láàárín ìṣẹ́jú kan ṣoṣo yóò lé ní gálọ́ọ̀nù 15. Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó garawa kẹrosíìnì mẹ́rin. Bí ihò náà bá sì tún jìn sí i, agbára tí omi fi ń wọlé yóò pọ̀ sí i. Ẹni tí ó dá wà nínú ọkọ̀ kò lè máa gbọ́n irú omi bẹ́ẹ̀ dànù pẹ́ títí kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Jíjò tí kò tó bẹ́ẹ̀ pàápàá ní ewu tirẹ̀, nítorí díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ó ń mú kí igi rà, ó ń mú kí irin dógùn-ún, ó ń ba oúnjẹ àti aṣọ jẹ́, ó sì ń gba oorun lójú àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀.

Kí a tó lè wá ojú jíjò, ó yẹ kí a mọ bí a ti ń kan ọkọ̀ onípákó. Ohun àkọ́kọ́ tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ń tẹ́ sílẹ̀ ni igi ńlá kan tí ó la ìsàlẹ̀ ọkọ̀ já láti iwájú dé ìdí. Igi yìí ni ó dà bí eegun ẹ̀yìn ènìyàn. Lára rẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé àwọn igi kéékèèké tí ó tẹ̀ bí ọrun dìde ní ọ̀tún àti ní òsì, bí egungun ìhà. Lẹ́yìn èyí ni wọn óò kan pákó gígùn mọ́ àwọn igi ìhà náà, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, títí ara ọkọ̀ yóò fi pé. Ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí gbẹ́nàgbẹ́nà mọ iṣẹ́ tó, àfo tẹ́ẹ́rẹ́ yóò wà láàárín pákó kan àti èkejì. Òwú ni wọ́n fi ń dí àfo yìí. Wọn a lọ́ òwú bí okùn, wọn a fi irin pẹlẹbẹ àti òòlù gbá a wọ inú àfo náà, wọn a sì fi ọ̀dà bò ó lójú. Nígbà tí ọkọ̀ bá wọ omi, pákó yóò mu omi, yóò wú, yóò sì fún òwú náà mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí omi kò fi ní rí ọ̀nà wọlé.

Ohun púpọ̀ ni ó lè ba iṣẹ́ dáradára yìí jẹ́. Bí ọkọ̀ bá pẹ́ lórí ilẹ̀ gbígbẹ nínú oòrùn, pákó rẹ̀ yóò gbẹ, yóò sì sún kì. Àwọn àfo yóò wá fẹ̀ sí i. Bí ó bá ń rìn lórí òkun, ìgbì yóò máa lọ́ ọ síhìn-ín sọ́hùn-ún, pákó yóò máa ha ara wọn, òwú yóò sì máa yọ díẹ̀díẹ̀. Òpó ìgbòkun pẹ̀lú kì í ṣe ẹrù kékeré. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́ ìgbòkun, àwọn okùn tí ó di òpó mú yóò máa fa ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ sókè, ìdí òpó yóò sì máa ti igi ìsàlẹ̀ ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Nítorí náà, ìsàlẹ̀ ọkọ̀, nítòsí ìdí òpó, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí ojú pákó ti máa ń ṣí.

Ìṣòro tí ó tóbi jù nínú wíwá ojú jíjò ni pé omi kì í dúró sí ibi tí ó ti wọlé. Ó lè gba òkè ní iwájú ọkọ̀ wọlé, kí ó máa ṣàn lórí igi ìhà kan, kí ó yọ́ gba ẹ̀yìn àpótí oúnjẹ, kí ó sì wá kán sílẹ̀ lórí ibùsùn ní ìdí ọkọ̀. Ẹni tí ó bá rí i tí omi ń kán sórí ibùsùn yóò máa yẹ òkè ibùsùn wò, kò sì ní rí nǹkan kan. Ní ìkẹyìn, ibi kan náà ni gbogbo omi ń lọ, èyíinì ni ikùn ọkọ̀, ibi tí ó rẹlẹ̀ jù lọ. Bí omi òjò, omi òkun àti omi mímu bá ti pàdé níbẹ̀, ojú kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn atukọ̀ tí ó gbọ́n kì í fi í bẹ̀rẹ̀ sí kun ọ̀dà káàkiri nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí omi. Ìbéèrè ni wọ́n kọ́kọ́ ń bèèrè.

Ìbéèrè kìíní ni pé: irú omi wo ni? Ahọ́n ni ó ń dáhùn èyí. Atukọ̀ yóò ti ìka bọ omi náà, yóò sì tọ́ ọ wò. Bí omi náà bá ní iyọ̀, láti inú òkun ni ó ti wá. Bí kò bá ní iyọ̀, a jẹ́ pé omi òjò ni ó ń gba òkè wọlé, tàbí kí ó jẹ́ pé àgbá omi mímu ni ó ń jò. Bí epo bá léfòó lójú rẹ̀, ó yẹ kí a wo apá ibi tí ẹ́ńjìnì wà. Ìtọ́wò kan ṣoṣo yìí lè gba ènìyàn lọ́wọ́ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Kò sí èrè nínú kí a máa wá ihò lábẹ́ ọkọ̀ nígbà tí ó jẹ́ pé páìpù omi mímu ni ó ti là.

Ìbéèrè kejì ni pé: nígbà wo ni omi ń wọlé? Bí ọkọ̀ bá ń jò nígbà tí ó dúró jẹ́ẹ́ ní èbúté, ihò náà wà lábẹ́ omi nígbà gbogbo. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí ọkọ̀ ń rìn nìkan ni ó ń jò, ó ṣeé ṣe kí ojú pákó kan máa ṣí bí ìgbì ti ń lọ́ ọkọ̀, tàbí kí ihò náà wà lókè ojú omi, ní ibi tí omi kì í dé àfi nígbà tí afẹ́fẹ́ bá tẹ ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ó bá ń jò nígbà tí ọkọ̀ tẹ̀ sí ọ̀tún, ṣùgbọ́n tí kì í jò nígbà tí ó tẹ̀ sí òsì, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìgbà tí a bá tan ẹ́ńjìnì nìkan ni omi ń pọ̀, ó yẹ kí a wo ibi tí ọ̀pá irin tí ẹ́ńjìnì ń yí gbà jáde sínú omi, kí a sì wo àwọn páìpù tí ń gbé omi tútù wá fún ẹ́ńjìnì náà.

Lẹ́yìn ìbéèrè ni iṣẹ́ kàn. Atukọ̀ yóò gbọ́n ikùn ọkọ̀ gbẹ, yóò sì fi àkísà nù ún títí kò fi ní sí ọ̀rinrin kankan mọ́. Yóò kó ẹrù kúrò, yóò sì ṣí àwọn pákó ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ojú rẹ̀ lè tó gbogbo kọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, yóò bu ẹfun lílọ̀ tàbí ìyẹ̀fun wọ́n sára àwọn igi ìhà àti ẹ̀gbẹ́ igi ìsàlẹ̀. Ibi tí omi bá gbà kọjá, yóò fi ipa sílẹ̀ lára ẹfun náà, bí ejò ti í fi ipa sílẹ̀ nínú yanrìn. Atukọ̀ yóò wá tan tọ́ọ̀ṣì, yóò sì máa tọ ipa náà lọ sókè, nítorí pé omi kì í gun òkè: ibi tí ó ti wá gbọ́dọ̀ ga ju ibi tí a ti rí i lọ, àfi bí ó bá jẹ́ pé inú òkun gan-an ni ó ti ń fi agbára tú jáde.

Bí ó bá jẹ́ òkè ọkọ̀ ni a fura sí, ẹni méjì ni iṣẹ́ náà yẹ. Ọ̀kan yóò wà nínú pẹ̀lú iná, èkejì yóò máa da omi sí ara ọkọ̀ lóde. Ìsàlẹ̀ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, tí a óò sì máa lọ sókè díẹ̀díẹ̀, ibì kan lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, omi yóò ṣàn kọjá lójú gbogbo ohun tí ó wà nísàlẹ̀, a kò sì ní mọ èwo nínú wọn ni ó gbà á wọlé. Ṣùgbọ́n bí a bá ti da omi sí ìdí fèrèsé tí inú kò tutù, tí a wá da á sí ibi tí a ti fi ìṣó de irin okùn òpó mọ́ òkè ọkọ̀, tí ẹni tí ó wà nínú sì kígbe pé omi ti dé, ọ̀ràn ti tán. Iṣẹ́ yìí gba sùúrù. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ pa èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan tí ó fi gbogbo ọ̀rọ̀ yìí hàn gbangba ni ti Ọ̀gbẹ́ni Robin Knox-Johnston, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó jẹ́ atukọ̀. Orúkọ ọkọ̀ rẹ̀ ni Suhaili. Igi tíìkì ni a fi kàn án ní ìlú Bombay ní ilẹ̀ Índíà, ìlú tí a ń pè ní Mumbai lóde òní. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 32, ó sì ní òpó ìgbòkun méjì. Ní ọjọ́ 14 oṣù June ọdún 1968, Knox-Johnston dá nìkan wọ ọkọ̀ yìí ní èbúté Falmouth láti lọ yí ayé po láìdúró ní èbúté kankan. Kò sí ẹni tí ó tíì dá irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ rìn parí rí. Ènìyàn mẹ́sàn-án ni ó bá eré ìje náà lọ, nínú ọkọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Kò pẹ́ tí ó fi rí i pé omi inú ọkọ̀ ń pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Lójoojúmọ́ ni ó ń fi ẹ̀rọ fa omi náà jáde, síbẹ̀ ojú ọjọ́ kò tíì burú. Èyí ni ó bà á lẹ́rù. Bí ọkọ̀ bá ń jò báyìí lórí omi tí ó rọ̀, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ nígbà tí ó bá dé òkun gúúsù, níbi tí ìgbì ti ń ga bí ilé, tí kò sì sí èbúté nítòsí? Ó lè máa fa omi lọ títí, ṣùgbọ́n a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Omi tí ó wà nínú ọkọ̀ kọ́ ni àrùn náà. Ojú ibi tí ó gbà wọlé ni.

Nígbà tí ó dé gúúsù àwọn erékùṣù Cape Verde, ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, tí afẹ́fẹ́ sì dáwọ́ dúró, ó sọ̀kalẹ̀ sínú òkun láti lọ wo abẹ́ ọkọ̀. Kò pẹ́ tí ó fi rí ohun tí ó ń wá. Ní ẹ̀gbẹ́ igi ìsàlẹ̀ ọkọ̀, nítòsí ìdí òpó ńlá, àfo kan ṣí sílẹ̀ tí gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ. Òwú ti yọ kúrò nínú rẹ̀. Bí ọkọ̀ ti ń mì lórí omi, àfo náà ń ṣí, ó sì ń pa dé, bí ẹnu ẹja. Ó lúwẹ̀ẹ́ gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó sì bá irú rẹ̀ gan-an níbẹ̀.

Ìyẹn nìkan kò tó. Ó padà wọ inú ọkọ̀, ó sì yẹ àwọn igi tí ó so ìsàlẹ̀ pọ̀ wò, kí ó lè mọ̀ bóyá ọkọ̀ náà fẹ́ tú ni. Ó rí i pé wọ́n le gírígírí. Nígbà náà ni ó tó mọ̀ pé òwú nìkan ni ó ṣìṣe, àti pé bí òun bá lè dí àfo náà, òun lè máa bá ìrìn àjò òun lọ.

Ṣùgbọ́n báwo ni ènìyàn kan ṣoṣo yóò ti dí ojú pákó lábẹ́ omi, láàárín agbami, láìsí pé ó lè mí? Ó wọ ẹ̀wù àti ṣòkòtò dúdú, kí funfun ara rẹ̀ má baà fa ẹja ekurá mọ́ra, ẹja búburú tí ehín rẹ̀ mú bí ayùn. Ó so ọ̀bẹ mọ́ ẹsẹ̀, ó so òòlù mọ́ okùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ti òwú bọ àfo náà. Pàbó ni iṣẹ́ náà já sí, nítorí pé bí ó bá ti yọ orí jáde láti mí, òwú tí ó ti tì bọ ibẹ̀ á ti tún yọ kí ó tó padà. Nígbà náà ni ó ronú ọgbọ́n mìíràn. Ó gé aṣọ ìgbòkun tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó rán òwú mọ́ ọn lára, ó kùn ún ní ọ̀dà, ó sì ti gun ìṣó bàbà kéékèèké mọ́ ọn káàkiri kí ó tó gbé e wọ omi. Báyìí ni ó fi lè máa kàn án mọ́ ara ọkọ̀, ìṣó kan tẹ̀ lé èkejì, ní gbogbo ìgbà tí ó bá di èémí rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà ni ó fẹ́ fi bàbà pẹlẹbẹ kan bo aṣọ náà, kí omi má baà fà á ya. Bàbà yìí ni àwọn tí ó wá to rédíò sínú ọkọ̀ fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí ó gòkè wá láti sinmi, tí ó sì ń mu kọfí, ó rí ẹja ekurá kan tí ó ń yí ọkọ̀ po. Ó dúró bóyá yóò lọ, ṣùgbọ́n kò lọ. Ó mú ìbọn, ó ju ewé ìwé sínú omi láti fà á mọ́ra, ó sì yìn ín níbọn. Ó tún dúró fún ìgbà díẹ̀, kí ó lè mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ èyí tí ó kú yóò pe àwọn mìíràn wá. Nígbà tí kò rí òmíràn, ó padà sínú omi náà, ó sì parí iṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, nígbà tí afẹ́fẹ́ tún rọ̀, ó dí ẹ̀gbẹ́ kejì. Jíjò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dáwọ́ dúró pátápátá.

Ní ọjọ́ 22 oṣù April ọdún 1969, lẹ́yìn ọjọ́ 312 lórí omi, Suhaili padà dé Falmouth. Nínú ènìyàn mẹ́sàn-án tí ó gbéra, Knox-Johnston nìkan ni ó parí ìrìn àjò náà.

Ọ̀kan nínú àwọn tí kò parí rẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Donald Crowhurst. Òun náà mọ ibi tí omi ń gbà wọ ọkọ̀ rẹ̀: ìdérí kan tí ó wà ní ibi tí atukọ̀ ń jókòó kò dé dáadáa, omi sì ń gba ibẹ̀ wọ iyàrá ẹ́ńjìnì. Ṣùgbọ́n ìkánjú ni wọ́n fi múra ọkọ̀ náà sílẹ̀, wọ́n sì gbàgbé páìpù tí ó yẹ kí ó fi máa fa omi jáde. Garawa ni ó ń fi gbọ́n omi láàárín agbami Àtìláńtíìkì. Kì í ṣe jíjò yìí nìkan ni ó fa àjálù rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ó lè kọjú sí òkun gúúsù. Ní oṣù July ọdún 1969, ọkọ̀ mìíràn bá ọkọ̀ rẹ̀ lójú omi láìsí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Knox-Johnston kó pọ́n-ùn 5,000 tí ó jẹ́ ẹ̀bùn eré ìje náà fún ìyàwó àti àwọn ọmọ Crowhurst.

Nípa ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin méjèèjì yìí ni a fi lè rí i pé iṣẹ́ mẹ́ta ni ó wà nínú àtúnṣe ọkọ̀ tí ń jò. Èkíní ni kí a gbọ́n omi, kí ọkọ̀ má baà rì nígbà tí a ń wá ìdí ọ̀ràn. Èkejì ni kí a fi ìbéèrè àti sùúrù tọ omi lọ títí dé ibi tí ó ti wọlé. Ẹ̀kẹta ni kí ohun tí a óò fi dí i wà lọ́wọ́ kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté. Ẹni tí ó bá mú èkíní nìkan ṣe yóò gbọ́n omi títí agbára rẹ̀ yóò fi pin, omi òkun kò sì ní tán.